Pákó Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́tàlá

Ayùn ti wọ pákó náà dé ìdajì kí n tó rí ohun tí a fi pẹ́ńsùlù kọ sí i lára. Mo na ọwọ́, mo di apá ọmọ mi mú.

"Dúró."

Ó dúró. Ayùn há sínú igi.

"Kí ló dé, Bàámi?"

"Ka ohun tó wà lára igi yẹn."

Ó tẹ̀ ba, ó fi àtàǹpàkò nu ìyẹ̀fun igi kúrò lórí rẹ̀. Ó ka ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ka ọ̀sẹ̀ kejì. Ó kà á títí dé ìparí ọ̀sẹ̀ keje. Ibẹ̀ gan-an ni eyín ayùn wà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá ni mo ń gé kúrò, Bàámi. N kò fọwọ́ kan èyí tó kù."

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni, ǹ bá mọ ohun tí ǹ bá fi ọwọ́ mi ṣe.

Ilé iṣẹ́ káfíńtà ni tiwa. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí mo fi òòlù lélẹ̀, tí mo sì fa ibẹ̀ lé ọmọ mi lọ́wọ́. Ó mọ iṣẹ́. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀la. Bí oníbàárà bá béèrè àga rẹ̀, yóò ní ó di ọ̀la. Bí ọ̀la bá dé, á tún ní ó di ọ̀la. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ó-dọ̀la. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ń dáhùn.

Òfin kan wà nílé iṣẹ́ wa tí ẹnikẹ́ni kò rú rí. Pákó tí a bá rà ní tútù, a ó tò ó sí ẹ̀yìn ilé lábẹ́ páànù, a ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. A ó kọ ọjọ́ tí a tò ó sí i lára, a ó sì kọ ọjọ́ tí yóò gbẹ. Kí ọjọ́ kejì yẹn tó pé, a kì í fọwọ́ kàn án, ẹni yòówù kó máa dúró de àga. Igi tútù kò nítìjú. Yóò jẹ́ kí o gé òun, yóò jẹ́ kí o fá òun, yóò jẹ́ kí o kun òun kí o sì gba ọpẹ́ lórí òun. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni yóò ká bí etí ajá, tí ilẹ̀kùn kò ní lè tì mọ́.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló kọ̀wé sára pákó tí mo ń sọ yìí. Ṣómú ni à ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ mú ṣómúṣómú láti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì fẹ́ wọ yunifásítì lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe afárá. Mo bi í léèrè bóyá afárá onígi ni. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí n wọlé ná kí a tó yan igi."

Nígbà tí ó ku oṣù mẹ́fà sí ìdánwò àṣewọlé, ó wá bá mi lórí àpótí tí mo máa ń jókòó lé lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Bàbá àgbà, ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé?"

"Ìgbà wo ni ìdánwò?"

Ó sọ ọjọ́ fún mi.

"Má bi mí ní ìgbà tí wàá bẹ̀rẹ̀ mọ́. Kà á láti ẹ̀yìn bọ̀."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ilẹ̀kùn, a kì í kà á láti òní lọ. Orí ọjọ́ tí a ó gbé ilẹ̀kùn kọ́ la ó dúró sí, a ó wá máa rìn padà. Ọjọ́ méjì fún kíkùn. Ọjọ́ kan fún fífá. Ọjọ́ mẹ́ta fún gígé àti kíkàn. Iye oṣù tí igi bá ń fẹ́ kí ó tó gbẹ. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ àná, o ti pẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣómú ní inú ìwé ni òun kọ́kọ́ kọ ètò ìwé kíkà náà sí. Bàbá rẹ̀ ló ya ojú ewé náà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ìwọ̀n fèrèsé. Nítorí náà mo mú pákó kan láti inú èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlá, tí ọjọ́ gbígbẹ rẹ̀ fi ọjọ́ méjì péré yàtọ̀ sí ọjọ́ ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà níwájú rẹ̀. Ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó fi rúlà irin fa ìlà. Mo ní kí ó kọ ìdánwò sí ìpẹ̀kun kí ó tó kọ ohunkóhun. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣíwájú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá. Kẹ́mísírì gba tirẹ̀, ìṣirò gba tirẹ̀. Físíìsì ló gùn jù, nítorí òun ló ń bà á lẹ́rù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún márùn-ún, mo ní kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i.

"Kí ni ọ̀sẹ̀ òfìfo ń ṣe níbẹ̀, Bàbá àgbà?"

"Ti ibà ni."

"Ibà ò ṣe mí."

"Ìdí rẹ̀ tó fi ṣófo nìyẹn."

Mo ní kí ó dá pákó náà padà sórí òkìtì. Mo ní ibi tí ó wà yẹn, kò sẹ́ni tí yóò dé ibẹ̀. Ẹnu mi ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ kìíní bẹ̀rẹ̀ gan-an, bàbá rẹ̀ ní kí ó dúró díẹ̀. Ogójì bẹ́ǹṣì wà nílẹ̀ fún gbọ̀ngàn kan, Ṣómú nìkan ló sì lè kun fánísì tí ojú ìlà búrọ́ọ̀ṣì kò ní hàn níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ọwọ́ ọmọ náà dúró bí omi inú àwo.

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ìdánwò ò sá lọ."

Ṣómú wò mí. Mo gbé ojú kúrò.

Ọ̀sẹ̀ méjì di mẹ́ta. Lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù lọ́yà. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó kan bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura. Ìyá ọmọ náà, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ títí ó fi sú u. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Ṣómú á lọ sí ẹ̀yìn ilé, á fa ìlà gba orí ọ̀sẹ̀ tó lọ lófo, á sì kọ orúkọ ohun tó jẹ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì. Kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́bọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì.

Mo ń rí i, mo sì dákẹ́. Mo ní ẹni tó ti fi òòlù lélẹ̀ kì í sọ ibi tí a ó kan ìṣó sí. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àárọ̀ Ọjọ́rú yìí ni mo dé ẹ̀yìn ilé tí mo bá ayùn nínú pákó.

"Ta ló ni iṣẹ́?" ni mo bi í.

"Dókítà eyín. Ilẹ̀kùn alápá méjì. Igi gbígbẹ wa ti tán, mo sì ti sọ fún wọn pé ọ̀..." Ó gbé ìyókù mì.

"Ìgbà wo ni igi yìí yóò gbẹ?"

"Ó wà lára rẹ̀."

"Kà á fún mi."

"Oṣù mẹ́rin ó lé, Bàámi. Ṣùgbọ́n bí a bá kùn ún dáadáa, ta ni yóò mọ̀?"

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ sí ojú ibi tí ayùn là. Ó tutù rinrin. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ilé iṣẹ́ yẹn, a kò gbé igi tútù jáde lọ́jọ́ kan. Mo bínú. Kí n má purọ́, kì í ṣe ti igi nìkan.

Ṣómú ti gbóhùn wa. Ó jáde láti inú ilé iṣẹ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, fánísì ń kán sílẹ̀. Ó rí pákó rẹ̀. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka tẹ̀lé ojú gígé náà.

"Dádì, ẹ ò kúkú mú èyí tó wà lókè rẹ̀."

"Èyí tó wà lókè ti là lẹ́nu. Ṣé torí ìwé tí o kọ sára igi lo ṣe ń wò mí báyìí? Wàá tún un kọ."

"Sínú ìwé tí ẹ ó fi kọ ìwọ̀n fèrèsé?"

"Wò ó, oṣù mẹ́rin ṣì ń bẹ. Bí ilẹ̀kùn yìí bá ti jáde báyìí, o lè bẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ ọ́."

"Ẹ ti sọ ọ́ ní ti bẹ́ǹṣì," ni Ṣómú wí. "Bí ó bá jẹ́ pé ìlérí yín ni mo ń kà, Dádì, ǹ bá ti gboyè."

Ó fẹ́ bínú sí ọmọ náà, mo bọ́ sí àárín wọn.

"Èmi ni kí o bá sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méje lo ti mú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bìtì tí kò pa eku, ó yẹ kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Bí o kò bá ní ràn án lọ́wọ́, dá àkókò rẹ̀ padà fún un."

"Bàámi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré làwọn kan fi ń kàwé."

"Ta ni?"

Ó tú apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ká sókè, ó tún un ká. Nígbà tí yóò fọhùn, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kà á."

Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni. Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn.

"Àádọ́jọ ọjọ́ ni mo ní lọ́wọ́," ó ní. "Oṣù márùn-ún. Ẹ ní kí n parí àga ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ná. Ẹ ní ìwé kì í sá lọ. Ọgọ́fà àga, Bàámi. Ìgbà tí mo kan èyí tó kẹ́yìn tán, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Máàkì mẹ́rin ni mo fi pàdánù. Ẹ ní kí n tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ mìíràn tún dé. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Ṣé mo wá kú ni?"

Ṣómú gbé ojú sókè wò ó. Kò gbọ́ ọ rí. Ìyá rẹ̀ pàápàá, n kò rò pé ó gbọ́ ọ rí.

"Méjìlélọ́gọ́fà," ni mo wí.

"Kí lẹ wí?"

"Kì í ṣe ọgọ́fà. Méjìlélọ́gọ́fà ni. Méjì já lẹ́sẹ̀, o tún wọn kàn. Èmi náà ń kà á."

Ó tẹjú mọ́ mi.

"Ohun tí mo ṣe sí ọ kò dára," ni mo wí. "Mo ti mọ̀ tipẹ́, n kò sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ogún ni mo fi lé ọ lọ́wọ́. Má kó o fún ọmọ rẹ."

"Ó rọ̀ yín lọ́rùn láti sọ ọ́ báyìí. Ìlú ló ń pè mí ní Ó-dọ̀la. Ta ni yóò wá kun ilẹ̀kùn?"

"Kò sí ilẹ̀kùn. Igi kò gbẹ."

Ìró bàtà dún lójú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé. Dókítà eyín fúnra rẹ̀ ni. Obìnrin gíga ni, ó gbé báàgì sí apá, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ó-dọ̀la, ilẹ̀kùn mi dà? Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Ọmọ mi la ẹnu. Mo rí ọ̀rọ̀ náà tó ń bọ̀ lórí ahọ́n rẹ̀.

"Kò ní jẹ́ ọ̀la," ni mo wí. "Oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ ni, Dókítà."

"Ẹ ń bá mi ṣeré ni?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kan ojú gígé náà, ó yára gbé ọwọ́ kúrò, ó fi áńkáṣíìfù nù ún.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ọmọ yín ti ní kí n wá. Aṣọ ni mo ta sí ẹnu ọ̀nà mi bí ilé ìwẹ̀. Àwọn tó ń dúró níta ń gbọ́ igbe àwọn tó wà nínú, wọ́n sì ń padà sílé."

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

"A jẹ̀bi," ni mo wí.

"Mo lè gbé iṣẹ́ mi lọ síbòmíràn."

"Bí ẹ bá rí ẹni tí igi rẹ̀ gbẹ, ẹ fún un. Bí ó bá ní ó di ọ̀la, ẹ má dúró."

Ó fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí pákó. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń kà á.

"Kí lèyí?"

"Ìwé tí mo fẹ́ kà fún ìdánwò àṣewọlé ni, Mà," ni Ṣómú dá a lóhùn.

"Bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì." Ó kà á dé ibi tí ayùn há sí. "Ilẹ̀kùn mi ló kàn?"

Ọmọ mi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ má kọ mí síbẹ̀," ni dókítà eyín wí. Ó yí báàgì sí apá kejì, ó bá tirẹ̀ lọ. Káfíńtà òdì kejì títì ló gbé iṣẹ́ náà fún.

"Ẹ ti lé oníbàárà lọ, Bàámi."

"Mo lé e."

Ó jáde sí iwájú ilé. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń ti igi kiri níbẹ̀, igi tí kò sí ìdí láti tì.

Mo ní kí Ṣómú gbé búrọ́ọ̀ṣì fún mi.

"Bẹ́ẹ̀dì ṣì ku mẹ́rin, Bàbá àgbà."

"Èmi ni n óò kùn wọ́n."

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Kí ó máa gbọ̀n. Ojú oorun kì í rí fánísì."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá dúró, ó ń fọ̀rọ̀ sí ẹnu bí ẹni tó ń tọ́ omi gbígbóná wò. Ó ní, "Ṣé kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé? Kí ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀."

Àrùn náà ti fẹ́ ràn án.

"Kí ló ṣe òní?"

"Ọjọ́rú lòní."

"Mo mọ̀. Ṣé Ọjọ́rú kò lójúmọ́ tirẹ̀ ni?"

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣèlérí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé òun yóò tún un ṣe. Mo fi èérún igi tì í lẹ́sẹ̀. Kò tíì pé wákàtí kan tí ó fi tún ètò ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kà láti ẹ̀yìn bọ̀. Ó fẹ́ pa gbogbo ọ̀sẹ̀ òfìfo rẹ́ kí ó lè rí àyè. Mo ní kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó ní ọ̀kan kò tó ibà kankan. Mo ní kó fi méjì sílẹ̀ nígbà náà, ó fi méjì sílẹ̀. Ó ṣí ìwé físíìsì kí oòrùn tó kan àtàrí.

Mo lọ kun bẹ́ẹ̀dì. Ojú ìlà hàn níbẹ̀ bí ojú ọ̀nà èèrà. Nígbà tí mo dé orí bẹ́ẹ̀dì kejì, ọmọ mi wọlé. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì mìíràn, ó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń pa ojú ìlà tí mo fi sílẹ̀ rẹ́. A ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dé bẹ́ẹ̀dì kẹrin.

"Bí iṣẹ́ ńlá mìíràn bá dé ńkọ́?" ó bi mí níkẹyìn. Ó ṣì ń wo igi.

"Wàá sọ ọjọ́ tí ó máa jáde."

"Ọjọ́ náà yóò jìnnà."

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó ṣe hùn-ún. N kò mọ̀ bóyá ó gbà. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí ó ń sọ fún ọkùnrin kan tó wá béèrè àpótí aṣọ pé ó di ọ̀la. Ó wò mí láti ọ̀kánkán. Ó sáré tẹ̀ lé ọkùnrin náà lọ sójú títì.

Mo padà sí ẹ̀yìn ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ayùn ṣì wà níbi tí ó há sí. Mo parí gígé náà fúnra mi, ó pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ mi ni. Èyí tí bẹ́ǹṣì àti kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì jẹ já bọ́ sílẹ̀, mo dá a padà sórí òkìtì, nítorí kò tíì gbẹ. Èyí tó kù, mo gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá tí Ṣómú ń kàwé. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún.